Fíláàṣì Python aláìlo-dátà: ó ku setuptools

Ẹ kú ojú lọ́nà o. Fíláàṣì tí mò ń ṣe fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ Python ní Òkè-Fìà ti ń jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Python 3.12 wọlé, venv (àyè ọ̀tọ̀ tí a ń kó package iṣẹ́ kan sí) dìde, pip (irinṣẹ́ tó ń fi package, ìyẹn àkójọ kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ, kún Python) dáhùn, gbogbo rẹ̀ láìsí dátà.

Ti pip kò le. Láti Python 3.4 ní 2014 ni wọ́n ti ń dì í mọ́ Python: ensurepip, apá Python tó ń fi pip sílẹ̀, gbé wheel rẹ̀ (.whl, package tó ti ṣetán láti wọlé) pamọ́ sínú, àwọn nǹkan tí pip fúnra rẹ̀ gbójú lé sì wà nínú folder rẹ̀ tó ń jẹ́ _vendor. Ẹ̀yin ará Ubuntu nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra, inú python3-venv ni wọ́n gbé ensurepip lọ. Ẹ mú .deb rẹ̀ (fáìlì tí Ubuntu fi ń gba ètò wọlé) dání.

Setuptools, irinṣẹ́ tó ń sọ kóòdù di package, ló fojú mi rí màbo. Tẹ́lẹ̀, òun àti pip ni wọ́n jọ ń wọ venv, láti 3.12, ní 2023, wọ́n ti yọ ọ́. Mo fi pip download kó gbogbo package sínú folder kan, mo pa Wi-Fi, mo ní kí pip lo --no-index (má wo íńtánẹ́ẹ̀tì) àti --find-links (inú folder yìí ni kó o wò). Ọ̀kan tó jẹ́ .tar.gz (kóòdù tí wọn kò tíì sọ di wheel) fárígá: kò rí setuptools. Mo fi setuptools sínú venv, ó ní òun ò rí i síbẹ̀!

Ṣé ẹ rí i, kí pip tó sọ .tar.gz di wheel, àyè ọ̀tọ̀ ló máa ń dá sílẹ̀, bí alásè tí kì í fọwọ́ kan ìkòkò onílé. Ohun tó wà nínú venv kò kàn án. Nígbà tí dátà wà, ó fa setuptools láti PyPI (ibi tí wọ́n ń kó package Python sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì), ó lò ó tán, ó dà á nù. Pip download kò sì fi í sínú folder wa. Mo ju .whl ti setuptools àti ti package tó ń jẹ́ wheel sínú folder náà, ló bá gbà.

Àmọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́, mo ti yí èrò padà. Package tó bá ní kóòdù èdè C nínú á tún béèrè compiler (irinṣẹ́ tó ń sọ kóòdù di èdè ẹ̀rọ), ta ló fẹ́ gbé ìyẹn kiri? Ilé ni màá ti fi pip wheel sọ gbogbo wọn di .whl. Èyí tí orúkọ fáìlì rẹ̀ bá parí sí py3-none-any kò ní wàhálà, ibi gbogbo ló ń wọ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kan níbẹ̀ ṣì jẹ́ 32-bit, win_amd64, ti Windows 64-bit, kò ní wọ̀ ọ́. Màá fi Python 32-bit ṣe ti win32, ti Windows 32-bit, lọ́tọ̀. Folder kan náà ló máa gba gbogbo rẹ̀, pip á wo orúkọ fáìlì, á mú tirẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi H2testw (ètò tó ń wò ó bóyá àyè inú fíláàṣì pé) yẹ fíláàṣì wò kí ẹ tó sanwó. Èyí tí wọ́n tà fún mi ní 64GB, ìlàjì rẹ̀ kò sí níbẹ̀.