Narrator: ohùn tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín

Kọ̀ǹpútà tó bá ń lo Windows 10 tàbí 11 ti ní Narrator nínú, ìyẹn ètò tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè. Ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní Òkè-Fíà, l'Óṣogbo, pé kó bá yín fi í sí i. Ẹ tẹ Windows, Ctrl àti Enter pọ̀, ohùn á bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún tẹ̀ wọ́n, á pa.

Caps Lock ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ di í mú, kí ẹ tẹ àmì àròpọ̀ kó lè yára kàwé, tàbí àmì ìyọkúrò kó lè rọra. Ctrl nìkan ń pa á lẹ́nu mọ́ lójú ẹsẹ̀.

Scan Mode, ìyẹn ipò tí àwọn lẹ́tà fi ń gbé yín rìn lójú ìwé dípò kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀, ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Caps Lock pẹ̀lú Space ló ń tan án, òun náà ló ń pa á. Tó bá wà ní títàn, H á gbé yín lọ sí àkọlé tó kàn, K á gbé yín lọ sí líǹkì. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń tẹ orúkọ yín tí Narrator ń fò káàkiri. Kọ̀ǹpútà ò bàjẹ́ o! Ẹ pa Scan Mode, kí ẹ tún un tẹ̀.

Ohùn Gẹ̀ẹ́sì á ṣi "Òṣogbo" pè dandan. Bí ọ̀rọ̀ kan ò bá yé yín, ẹ fi ọfà rìn ín lẹ́tà kan sí èkejì. Caps Lock pẹ̀lú kọ́mà á tún lẹ́tà tí ẹ wà lórí rẹ̀ kà.

Nínú ariwo jẹnẹrétọ̀, ẹ fi earpiece sétí. Kò nílò dátà láti kàwé.