Ohun tí Oklahoma City ṣe tí Philadelphia ò ṣe

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 2021, Memphis na Oklahoma City Thunder ní 152 sí 79. Àmì 73 ló wà láàárín wọn. Wọn ò tíì na ẹgbẹ́ kankan tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìtàn NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà. Kò pé ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹfà 2025, Thunder yìí kan náà borí Indiana Pacers nínú eré keje, wọ́n gbé ife lọ sílé. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ ìyà ló ń fi wọ́n ṣe àwíjàre: ẹ ní sùúrù, à ń tún ẹgbẹ́ kọ́ ni.

Èmi gbà pé títún ẹgbẹ́ kọ́ fún ọdún pípẹ́ lè yọrí sí rere. Ohun tí mi ò gbà ni pé pípàdánù ló ń mú un yọrí. Kò sẹ́ni tí kò lè pàdánù. Ohun tí àwọn ọ̀gá ń rà àti ohun tí wọ́n ń tà nígbà tí ẹgbẹ́ ń fìdí rẹmi lọ́wọ́ ni iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo nǹkan tí pípàdánù ń fúnni. Lọ́dọọdún ni NBA máa ń pín àwọn ọmọ tuntun tó ń bọ̀ láti yunifásítì àti láti òkè òkun fún àwọn ẹgbẹ́ nínú draft, lọ́tìrì ló sì ń pinnu ẹni tí yóò kọ́kọ́ mú. Bọ́ọ̀lù kéékèèké 14 ni wọ́n ń kó sínú ẹ̀rọ, tí wọ́n kọ 1 dé 14 sí lára, wọ́n á fa mẹ́rin jáde. Ọ̀nà 1,001 ni mẹ́rin yẹn lè gbà jáde. Wọ́n á yọ ọ̀kan kúrò, wọ́n á pín 1,000 tó kù fún ẹgbẹ́ 14 tí kò dé playoff, ìdíje ife ní ìparí sáà. Kó tó di ọdún 2019, ẹgbẹ́ tó burú jù lọ ló ń gba 250 nínú rẹ̀. Láti 2019, àwọn mẹ́ta tó burú jù ń gba 140 ẹnìkọ̀ọ̀kan. Àǹfààní kan ṣoṣo tó kù fún ẹni tó gbẹ̀yìn pátápátá ni pé kò lè já kọjá ipò karùn-ún. Ipò karùn-ún yìí gan-an ló sì máa ń bọ́ sí nínú nǹkan bí 479 lára 1,000.

Ẹ bi Detroit. Ní sáà 2022-23 wọ́n borí nínú eré 17, wọ́n pàdánù 65, kò sẹ́ni tó burú tó wọn. Ọdún tí Victor Wembanyama, ọmọ tí gbogbo ẹgbẹ́ ń fẹ́, wọ draft ni. Wọ́n bọ́ sí ipò karùn-ún, San Antonio mú ọmọ náà lọ. Sáà tó tẹ̀ lé e, eré 14 péré ni wọ́n borí, wọ́n pàdánù 28 léraléra nínú rẹ̀, lọ́tìrì tún dá wọn padà sí ipò karùn-ún. Ní 2025, Utah ló gbẹ̀yìn, òun náà bọ́ sí karùn-ún, nígbà tí Dallas tó ní 18 péré nínú 1,000 gba ipò kìíní, tó fi mú Cooper Flagg. Ẹgbẹ́ tó bá gbé gbogbo ètò rẹ̀ lé ipò kìíní ń ta tẹ́tẹ́ ni, tẹ́tẹ́ tí owó ìwọlé rẹ̀ sì jẹ́ odindi ọdún kan.

Ọmọ Èkó kan, Hakeem Ọlájùwọ́n, tilẹ̀ wà nínú ìdí tí lọ́tìrì yìí fi wáyé. Tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ tó burú jù ní Ìlà-Oòrùn àti ti Ìwọ̀-Oòrùn ló máa ń ju owó ẹyọ sókè láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ mú. Houston Rockets borí eré 14 péré ní 1982-83, owó ẹyọ ṣojú rere sí wọn, wọ́n mú Ralph Sampson. Sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún parí sí 29 sí 53 (wọ́n borí 29, wọ́n pàdánù 53), bí wọ́n sì ṣe ń pàdánù ní ìparí sáà náà mú kí àwọn èèyàn máa kùn: wọ́n fi Elvin Hayes, ẹni ọdún 38, sórí pápá fún gbogbo ìṣẹ́jú 53 nínú eré kan. Owó ẹyọ tún jẹ́ tiwọn. Hakeem Ọlájùwọ́n ni wọ́n mú, Portland, tó ti gba ipò Indiana tó burú jù ní Ìlà-Oòrùn, tó sì pàdánù owó ẹyọ náà, mú Sam Bowie, Chicago mú Michael Jordan. Ọdún kejì rẹ̀, 1985, lọ́tìrì bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan máa ń tọ́ka sí Houston pé ẹ rí i, pípàdánù so èso. Kí wọ́n wo ọjọ́ orí èso náà. Ní 1986 Rockets dé àṣekágbá, Boston nà wọ́n. Ara Sampson ò le mọ́, wọ́n tà á fún Golden State ní 1987. Ife kò dé títí di 1994, ọdún mẹ́wàá gbáko lẹ́yìn draft, òmíràn tẹ̀ lé e ní 1995. Àwọn tó dúró ti Ọlájùwọ́n níbẹ̀? Robert Horry, ẹni kọkànlá nínú draft 1992. Sam Cassell, ẹni kẹrìnlélógún nínú ti 1993. Àti Clyde Drexler tí wọ́n pààrọ̀ gbà láàárín sáà 1995. Owó ẹyọ ló fún wọn ní Ọlájùwọ́n, òótọ́ ni. Ojú tó mọ agbábọ́ọ̀lù ló fún wọn ní àwọn yòókù.

Philadelphia 76ers ló wá gbé àṣà pípàdánù dé òpin rẹ̀. Sam Hinkie gba iṣẹ́ ọ̀gá tó ń kó agbábọ́ọ̀lù jọ níbẹ̀ ní 2013, ó sì ta Jrue Holiday, ìràwọ̀ ẹgbẹ́, ní alẹ́ draft. Lẹ́yìn ìyẹn ni 19 sí 63, 18 sí 64, àti 10 sí 72. Ọgbọ́n wà nínú iṣẹ́ ọkùnrin náà, kò sẹ́ni tó mọ bí a ṣe ń kó pick, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti mú ọmọ tuntun ní draft, jọ bíi tirẹ̀ nígbà yẹn. Àmọ́ ẹ wo ohun tó rà: Nerlens Noel ní 2013, Joel Embiid ní 2014, Jahlil Okafor ní 2015. Agbábọ́ọ̀lù àárín ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹsẹ̀ Embiid sì dá a jókòó fún odindi sáà méjì àkọ́kọ́. Ẹni méjì nínú wọn kò lè dúró sí abẹ́ agbọ̀n kan náà kí ọ̀nà má dí. Ẹni tí gbogbo ọjà mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ tà kí ilẹ̀ tó ṣú, iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń dá lé e. Noel lọ sí Dallas ní ẹ̀dínwó. Nígbà tí Okafor lọ sí Brooklyn, Philadelphia tún ní láti fi pick ipele kejì draft lé e.

Àṣìṣe kejì ni pé kò fi àgbà agbábọ́ọ̀lù tó pọ̀ tó sílé láti kọ́ àwọn ọmọdé náà. Ọmọ ogún ọdún tó ń pàdánù lálaalẹ́ lè kọ́ àṣà burúkú tí kò ní tètè fi í sílẹ̀: kì í sáré padà gbèjà, ó ń wá àmì tirẹ̀ nìkan. Ẹ̀kẹta ni pé sùúrù àwọn tó ni ẹgbẹ́ tán. Hinkie kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2016, kó tó jẹ nínú ohun tó gbìn, àwọn mìíràn ló wá fi àwọn pick rẹ̀ rajà. Ní 2017 wọ́n fi ipò kẹta àti pick mìíràn kún un fún Boston kí wọ́n lè gba ipò kìíní, wọ́n mú Markelle Fultz. Eré 33 péré ló gbá fún wọn nínú sáà deede. Boston jókòó sí ipò kẹta, wọ́n mú Jayson Tatum, wọ́n sì gbé ife ní 2024. Embiid di agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù ní 2023 lóòótọ́, àmọ́ títí di 2025 Philadelphia kò kọjá ipele kejì playoff pẹ̀lú rẹ̀.

Sam Presti, ọ̀gá tó ń kó agbábọ́ọ̀lù jọ ní Oklahoma City, bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn. Ní oṣù Keje 2019, Clippers, ẹgbẹ́ kan ní Los Angeles, fẹ́ ìràwọ̀ Kawhi Leonard, Leonard sì fẹ́ kí ìràwọ̀ mìíràn, Paul George, bá òun wá. Ẹgbẹ́ Presti ni George ń gbá fún. Ó gba Shai Gilgeous-Alexander, Danilo Gallinari, pick ipele àkọ́kọ́ márùn-ún, àti ẹ̀tọ́ ìpààrọ̀ ipò méjì. Ẹ̀tọ́ ìpààrọ̀ yìí ṣe pàtàkì: òfin kò gbà kí ẹgbẹ́ ta pick ipele àkọ́kọ́ rẹ̀ fún ọdún méjì tó tẹ̀ léra wọn lọ́jọ́ iwájú, kò sì gbà kí ó ta kọjá ọdún méje. Tí ìwọ bá gba ti ọdún kan, o lè béèrè pé ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹni tí ipò rẹ̀ dára jù nínú àwa méjèèjì, èmi ni n ó mú un.

Ọjọ́ díẹ̀ sí i, ó ta Russell Westbrook fún Houston, ó gba Chris Paul, pick méjì, àti ẹ̀tọ́ ìpààrọ̀ méjì mìíràn. NBA tún pa á láṣẹ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ná ó kéré tán ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún òdiwọ̀n owó agbábọ́ọ̀lù, iye tí líìgì ń dá lé owó oṣù gbogbo agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kan. Ẹgbẹ́ tí kò ní ìràwọ̀ tó gbówó lórí lè fi àyè yẹn gba àdéhùn wúwo tó ń dá ẹlòmíràn lágara, kí ó sì gba pick bí owó àárù. Bẹ́ẹ̀ ni Philadelphia ṣe gbé Al Horford fún Presti ní 2020, tí wọ́n fi pick ipele àkọ́kọ́ kún un. Ní 2022 wọ́n yọ Isaiah Joe kúrò nínú ẹgbẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, Thunder ṣa á, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí ife dé.

Ẹ wá ka àwọn tó gba ife 2025. Gilgeous-Alexander, ẹni kọkànlá nínú draft 2018, pààrọ̀ ni wọ́n fi gbà á. Jalen Williams, ẹni kejìlá ní 2022, pick Clippers ni wọ́n fi mú un. Luguentz Dort, kò sẹ́ni tó mú un ní draft rárá. Aaron Wiggins, ẹni karùndínlọ́gọ́ta. Isaiah Hartenstein, owó ni wọ́n fi rà á ní 2024. Alex Caruso, Josh Giddey ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Nínú gbogbo wọn, Chet Holmgren nìkan, ẹni kejì ní 2022, ni pípàdánù mú wá tààrà. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fi Giddey kún un, torí lẹ́yìn 22 sí 50 ní 2020-21 lọ́tìrì fún wọn ní ipò kẹfà.

Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn wọn ni sáà 2022-23. Holmgren fẹsẹ̀ ṣe léṣe, kò gbá eré kankan. Wembanyama ń bọ̀. Àwáwí pé kí wọ́n tún pàdánù wà nílẹ̀ ròrò. Wọ́n jẹ́ kí Gilgeous-Alexander gbá, wọ́n parí sí 40 sí 42. Sáà tó tẹ̀ lé e, 57 sí 25. Lẹ́yìn náà, 68 sí 14.

Aago owó ni ìdí tí ìdúró yẹn fi bọ́gbọ́n mu. Àdéhùn ọmọ tuntun ipele àkọ́kọ́ jẹ́ ọdún mẹ́rin: méjì àkọ́kọ́ dájú, ẹgbẹ́ ló ń pinnu ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin. Lẹ́yìn náà, owó ẹni tó dára lè fò sí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún òdiwọ̀n owó ẹgbẹ́, tàbí 30 bó bá gba àmì ẹ̀yẹ tó yẹ. Ẹgbẹ́ tó bá pàdánù fún ọdún márùn-ún yóò rí i pé ọmọ àkọ́kọ́ tó mú ti gbówó lórí kí ẹni ìkẹyìn tó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Thunder kó tiwọn jọ sínú ọdún méjì sí mẹ́ta, wọ́n sì gba ife nígbà tí Williams àti Holmgren ṣì wà lórí owó ọmọ tuntun. Ní oṣù Keje 2025 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé tuntun fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ti Holmgren àti Williams bẹ̀rẹ̀ ní sáà 2026-27, ti Gilgeous-Alexander ní 2027-28. Inú draft 2026 náà ni pick tó kẹ́yìn nínú àwọn tí Clippers fi sílẹ̀ fún Paul George bọ́ sí.