Ẹ Forí Gbárí, Ta Ló Jẹ̀bi?

Nínú baseball, ẹni méjì lè forí gbárí, kí àwọn méjèèjì máa jẹ̀rora nílẹ̀, kí rẹfirí wá nàka sí ẹyọ kan pé òun ló jẹ̀bi. Ẹni tó ń ké jù kọ́ ló ń jàre o. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni.

Ká ní bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá ń yí bọ̀ láàárín béèsì kejì àti ìkẹta (béèsì ni àwọn ibi tí ẹni tó ń sáré gbọ́dọ̀ fọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kàn). Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣa bọ́ọ̀lù, ó ti la ìbọ̀wọ́ sílẹ̀. Ìwọ náà ń já bọ̀ láti béèsì kejì, o sì rọ́ lù ú, gbì! O ti jáde nìyẹn, o ò lè sáré yẹn lọ mọ́. "Mi ò mọ̀ọ́mọ̀" kò sí nínú ẹjọ́ yìí. Ìwọ ló yẹ kó yà fún un. Àwọn kan ń bẹ̀rù àtiyà, torí wọ́n gbọ́ pé ẹni tó bá fi ju ẹsẹ̀ bàtà 3 kúrò lójú ọ̀nà ti jáde. Ẹni tó ń sá kí wọ́n má fi bọ́ọ̀lù kan òun nìyẹn ń bá wí. Ẹni tó ń yà fún ẹni tó ń ṣa bọ́ọ̀lù lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yí ká bó ṣe wù ú.

Àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ̀tọ́ yìí wà fún lẹ́ẹ̀kan náà, kì í sì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kọjá rẹ̀, tó wá nà gbalaja sójú ọ̀nà, òun ló di ẹlẹ́bi. "Ṣé kí n pòórá ni?" Àní, kó pòórá!

Ẹ bi ẹgbẹ́ Boston Red Sox léèrè. Ní October 26, 2013, eré kẹta World Series, ìdíje àṣekágbá baseball ní Amẹ́ríkà, wọ́n wà ní 4-4 pẹ̀lú St. Louis Cardinals nígbà tó ku díẹ̀ kó parí. Àwọn Boston ju bọ́ọ̀lù sí béèsì kẹta láti mú Allen Craig ti Cardinals. Will Middlebrooks, tó ń ṣọ́ béèsì kẹta fún Boston, bẹ́ sí i, kò rí i mú, ó dojú bolẹ̀. Craig, tẹ́sẹ̀ ń dùn tẹ́lẹ̀, dìde kó máa sáré lọ sílé, béèsì tó kẹ́yìn tí wọ́n ti ń gba àmì, ó kọsẹ̀ lára ẹni tó sùn sílẹ̀, ló bá ṣubú lé e. Ó tún dìde, ó ń tiro lọ. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù padà, wọ́n sì fi kàn án kó tó fọwọ́ ba ilé.

Inú àwọn Boston ti dùn. Àṣé rẹfirí béèsì kẹta ti nàka sí ìdínà náà tipẹ́. Wọ́n ka Craig sí ẹni tó délé: 5-4, eré parí.