Ohun tó wà lẹ́yìn ìwé ìwọ̀n mi: àyẹ̀wò ọdún 2025

Ìwé kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Fìà tí mo máa ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí. Láti iwájú, èjìká, àyà, ìdí àti gígùn apá ló kún un. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí i dé, tí ẹ ṣí i láti ẹ̀yìn, ẹ máa bá orúkọ eré níbẹ̀, ọjọ́ tí a gbọ́ ọ, ẹni tó sunkún, ẹni tó sùn lọ. Ẹ̀yìn yẹn ni mo fẹ́ kà fún yín bí ọdún ṣe ń kógbá sílé. Ti iwájú kò le: mo ránṣọ, àwọn kan sanwó, àwọn kan ṣì ń bọ̀ lọ́la láti oṣù kẹta.

Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà mí, àwa márùn-ún la máa ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù yìí lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù láti gbọ́ àwo eré. Orúkọ tí àwa fún un nìyẹn: orin inú eré tíátà kan látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí àwọn òṣèré tó ṣe é lórí ìtàgé fúnra wọn wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀ lọ kọ. Kì í ṣe fíìmù, kò sí àwòrán kankan. Ohun tí ojú ń rí kò ju ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta àti kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Ìbejì wà nínú wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Bọ̀dá onírédíò tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nítòsí Old Garage. Ọmọ Àyàn kan tó ń lu dùndún níbi ìnáwó. Àbúrò kan tó ń kàwé ní UNIOSUN, yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Èmi sì rèé. Òfin wa kò ju méjì lọ. A kì í fo orin. Ẹni tó bá mú eré wá ló máa sọ ìtàn tó wà láàárín orin kan sí èkejì, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré ni wọ́n máa ń gé kúrò jù nínú àwo, ẹni tí kò bá sì mọ ìtàn náà á kàn máa gbọ́ ariwo olóhùn dídùn.

Ìgbà kónílé-ó-gbélé ni ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Àbúrò mi tó wà ní Kánádà fi àwo Hamilton, eré orin Amẹ́ríkà kan, ránṣẹ́ sí mi, orin 46, ó lé ní wákàtí méjì. Ìbòmú ni mo ń rán nígbà náà, gbogbo Òṣogbo ló ń béèrè rẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Hamilton, mi ò mọ ẹni tó yìnbọn pa á, ṣùgbọ́n kí n tó rán ìbòmú igba tán, mo ti mọ ibi tí oníkálukú wọn ti ń mí. Títí di òní mi ò tíì wo eré náà. Nínú ìwé mi, àwọn eré tí mi ò fojú kàn rí ni mo mọ̀ jù.

Oṣù kejì ọdún yìí ni àbúrò UNIOSUN wá là mí lójú, ó sì bà mí nínú jẹ́. Ó ní ikú kan wà nínú Hamilton tí kò sí nínú àwo. Laurens, ọ̀rẹ́ Hamilton, kú lójú ogun, wọ́n mú ìròyìn wá fún un lórí ìtàgé, ṣùgbọ́n Lin-Manuel Miranda tó kọ eré náà mọ̀ọ́mọ̀ yọ ibẹ̀ kúrò nígbà tí wọ́n ń ṣe àwo lọ́dún 2015, pé kí ohun kan ṣẹ́ kù fún ẹni tó bá wá wo eré lójúkojú. Ọdún márùn-ún! Ọdún márùn-ún ni mo fi ń gbọ́ eré yìí tí ẹnìkan kú nínú rẹ̀ tí wọn ò sọ fún mi. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n pe èèyàn síbi ìnáwó, tí wọn ò fún un ní ankó. Ìyá Ìbejì ní ìbínú mi ti pọ̀ jù. Ó ṣeé ṣe.

Ìpàdé mẹ́ta la pàdánù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Oṣù kìn-ín-ní ni NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, fọwọ́ sí i pé kí àwọn oníléeṣẹ́ tẹlifóònù fi ohun tó tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, dátà sì di ohun tí èèyàn ń ṣọ́ bí epo bẹntiróòlù. Ẹnìkan ló wá ń gba àwo sílẹ̀ fún gbogbo wa, tó ń fi Xender, áàpù tí fóònù fi ń pín nǹkan láìjẹ dátà, pín in. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Oṣù kẹrin la gbọ́ Fela!, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Broadway, àdúgbò tíátà ní New York, ni eré yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, àwo rẹ̀ jáde lọ́dún 2010. Iṣẹ́ Fẹlá lórí ìtàgé pọ̀ débi pé ọkùnrin méjì, Sahr Ngaujah àti Kevin Mambo, ló ń pín in ṣe. Antibalas, ẹgbẹ́ olórin Brooklyn kan, ló wà nídìí fèrè àti ìlù. Ọmọ Àyàn gbọ́ orin méjì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta lẹni yìí?" Mo ní Fẹlá ni. Ó ní, "Fẹlá wo?" Ibẹ̀ ló ti bẹ́. Ìyá Ìbejì, tó gbé Èkó nígbà èwe rẹ̀, ní èèyàn kò lè fi ahọ́n yíyá pe yẹ̀yẹ́. Àbúrò ní ta ló sọ pé òṣèré gbọ́dọ̀ di ẹni tó ń ṣe, ṣebí Dúró Ládiípọ̀ tó ṣe Ṣàngó nínú Ọba Kò So, eré tirẹ̀, náà kọ́ ni Ṣàngó. Gbogbo ilé dákẹ́. Tèmi ni pé fèrè inú àwo yẹn dá ṣáṣá, mo sì tún padà gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo ń rán ìró. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ Fẹlá nílò èrò tó máa dá a lóhùn, ìdákẹ́jẹ́ yàrá ìgbohùnsílẹ̀ sì ni òtútù tó ń mú un.

Nígbà tí mo wá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àwo eré, mo dárí ìdákẹ́jẹ́ náà jì wọ́n. Àwọn ará London ti ń gba orin òṣèré sílẹ̀ láti ọdún 1900, ṣùgbọ́n àwo eré Oklahoma! tí iléeṣẹ́ Decca ṣe lọ́dún 1943 ló sọ ọ́ di nǹkan tí gbogbo Amẹ́ríkà ń rà. Láti ìgbà náà, ọjọ́ kan péré ni wọ́n sábà máa ń lò, ọjọ́ ìsinmi àwọn òṣèré gan-an, nítorí pé owó àwọn olórin àti ti òṣèré kò jẹ́ kí wọ́n lè fà á gùn. Ẹ rò ó wò: o ti kọrin lọ́sàn-án àti lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, wọ́n wá ní kí o kọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kí o kọ ọ́ bí ohun tí wọn ò ní gbàgbé láéláé. Àbúrò fi fíìmù tí D. A. Pennebaker ṣe lọ́dún 1970 hàn wá, nípa bí wọ́n ṣe gba orin eré Broadway kan, Company, sílẹ̀. Obìnrin kan, Elaine Stritch, ń kọ orin kan ṣoṣo. Ó kọ ọ́ títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́, kò bọ́ sí i. Ojú rẹ̀ wú, irun rẹ̀ dàrú, ó ń pariwo mọ́ ara rẹ̀. Wọ́n ní kó máa lọ ilé. Nígbà tó padà wá lọ́jọ́ mìíràn, ó kọ ọ́ bí ẹni ń mu omi.

Èmi mọ òru yẹn. Kí aṣọ ìyàwó máa kọ̀ láti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, kí o tú u, kí o rán an, kí o tún tú u, kí ẹ̀rọ jẹ òwú, kí NEPA múná lọ. Tílẹ̀ bá mọ́, abẹ́rẹ́ kan péré, ó parí. Mo sunkún nídìí fíìmù náà, ó wà nínú ìwé: "Oṣù kẹfà. Company. Èmi."

Oṣù kẹjọ, kò sí ìpàdé. Ọdún Ọ̀ṣun dé, àlejò kún ìlú, aṣọ ẹgbẹ́ ń wọlé láti gbogbo ẹ̀bá. Ẹ má bi mí ní nǹkan kan nípa oṣù kẹjọ.

Ìgbà tó di oṣù kẹsàn-án ni mo mú tèmi wá. Káṣẹ́ẹ̀tì TDK kan ni, C-90, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lójú kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi ló fi biro aláwọ̀ búlúù kọ "ỌBA KÒ SO" sára rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ikú Dúró Ládiípọ̀, wọ́n gbé eré náà sórí rédíò, Bàbá sì gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ síwájú rédíò náà, ó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló wọnú eré. Ewúrẹ́ ké nígbà tí Gbọ̀nkáà, jagunjagun Ṣàngó, ń pọfọ̀. Wọ́n ń fọ abọ́. Obìnrin kan ń béèrè bóyá kí òun bu oúnjẹ, Bàbá sì dá a lóhùn pé, "Ẹ dákẹ́ ná!" Mo ti gbọ́ káṣẹ́ẹ̀tì yìí tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé tí mo fi rò pé ewúrẹ́ wà nínú eré náà níti tòótọ́.

A gbọ́ ọ dé ojú kejì. Ọya ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀. Bọ̀dá onírédíò, tó mú ẹ̀rọ tirẹ̀ wá, tó búra fún mi pé orí ẹ̀rọ náà mọ́, ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ó ki, ó di ti àgbàlagbà, ó dákẹ́. Ẹ̀rọ ti jẹ téèpù.

Mi ò bú u. Mo kàn jáde lọ dúró sójú títì. Nígbà tí mo wọlé padà, ó ti tú káṣẹ́ẹ̀tì náà, ó ń fi biro yí i padà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ká ìfun ọmọ. Ibi tó ti wé kò ṣeé gbà là. Ó gé e, ó fi gọ́ọ̀mù tééré lẹ̀ ẹ́. Èyí tó lọ kò ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, àárín ọ̀rọ̀ Ọya gan-an. Nísinsìnyí tèmi náà ti ní ibi tí wọ́n yọ.

Ìyá Ìbejì ní kí n fọkàn balẹ̀, ó mú ìwé tirẹ̀ wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Inú ìwé yẹn ni mo ti rí ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ́dún yìí. Ìwé Ọba Kò So tí Institute of African Studies ní Ìbàdàn tẹ̀ lọ́dún 1972, orí téèpù ni wọ́n ti kọ ọ́. R. Curt Wittig gba eré náà sílẹ̀, Robert Armstrong, onímọ̀ èdè, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá jókòó tì í, wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń kọ. Téèpù ló bí ìwé. Iléeṣẹ́ Kaleidophone sì tẹ eré náà jáde sórí rẹ́kọ́ọ̀dù ní Amẹ́ríkà. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní in, mo lè rán bùbá méjì fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Dúró Ládiípọ̀ yìí, ọmọ Òṣogbo, tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá wí lọ́dún 1961 nítorí pé ó mú ìlù wọ orin Àjíǹde, eré rẹ̀ ti dé Berlin ní 1964, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965. Àwa wá ń fi Xender pín ti Broadway.

A rí ọ̀rọ̀ Ọya nínú ìwé. Ọmọ Àyàn kà á jáde, kò dùn. Lẹ́tà ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kó gbogbo wọn lọ sọ́dọ̀ màmá mi lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kejìlá yìí. Màámi ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ẹ̀pà ló ń kiri ní Station Road, níwájú Mbari Mbayọ̀, ilé tí Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier dá sílẹ̀ lọ́dún 1962. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni "mbari", ṣùgbọ́n àwọn ará Òṣogbo ti yí i sí tiwọn: m bá rí i, m bá yọ̀. Mo ní, "Màámi, ẹ̀yin rí Ọba Kò So nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde."

"Rí kẹ̀? Pẹ̀lú owó ta ni? Ìta ni mo wà. Mo gbọ́ ọ."

Mo kọ ìyẹn sínú ìwé ní lẹ́tà ńlá.

A tẹ káṣẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n lẹ̀, tó fò, Màámi ò dúró. Ó gbé e láti ibi tí Ọya wà, ó kọ ọ́, ó ń fi ọwọ́ lu itan. Kò bá ti inú ìwé mu. Orin rẹ̀ gùn jù, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí Ìyá Ìbejì wá títí nínú ìwé tí kò rí. Ọmọ Àyàn ní bóyá bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan nìyẹn, kí wọ́n tó tún un ṣe. Ìyá Ìbejì ní bóyá Màámi gbàgbé ni. Àríyànjiyàn náà wà nílẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Àbúrò ti gba ti Màámi sílẹ̀ sórí fóònù, a ó máa gbọ́ méjèèjì.

Màámi ní kí a dá káṣẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn, òun fẹ́ gbọ́ ibẹ̀ dáadáa. Bọ̀dá onírédíò dá a padà. Ewúrẹ́ ké. Abọ́ ń dún. Obìnrin náà béèrè bóyá kí òun bu oúnjẹ.

Màámi pòṣé. "Ta ni obìnrin aláriwo yìí ná? Kò jẹ́ kéèyàn gbọ́ Ọya."

Bọ̀dá onírédíò dojú kọ àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó ń wá nǹkan tí kò nílò.