Bedfordshire, ọkọ̀ apẹja tí wọ́n gbé àgbá lé níwájú

Inú yàrá ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ni mo ti ń jẹun, nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ ìtàn ọkọ̀ ogun fún mi, ohun tí mo kọ́kọ́ ń fẹ́ mọ̀ ni ohun tó ń gbé e rìn. Ìtàn HMT Bedfordshire, ọkọ̀ apẹja Britain tí wọ́n sọ di ọkọ̀ ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wà lára àwọn tí mo fẹ́ràn jù, àmọ́ orí àsíá tí wọ́n fi bo pósí ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ ọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Èmi á bẹ̀rẹ̀ láti ìdí èédú.

Ọgbà ìkanọkọ̀ Smith's Dock, létí odò Tees ní àríwá England, ló kan án lọ́dún 1935, èbúté Grimsby ló sì ti ń jáde lọ pẹja. Wọ́n fi orúkọ ìpínlẹ̀ Bedfordshire sọ ọ́, ìpínlẹ̀ tí kò ní etíkun rárá. Ìyẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 162, tọ́ọ̀nù 443 ni wọ́n sì kọ sílẹ̀ fún un. Irú ọkọ̀ báyìí kì í pẹja sí ẹ̀bá ilé. Apá Iceland àti Bear Island ni wọ́n ń lọ, níbi tí omi ti ń di yìnyín mọ́ irin lára. Wọ́n gbé imú rẹ̀ sókè kí ìgbì má baà gùn ún mọ́lẹ̀. Bọ́ílà rẹ̀ ń jẹ èédú, àwọn adáná sì ń fi ṣọ́bìrì bọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Ẹni tí kò bá tíì dúró níwájú ilẹ̀kùn iná nígbà tí ọkọ̀ ń fì lè rò pé iṣẹ́ agbára lásán ni. Rárá o. Adáná tí kò mọ bí a ṣe ń tẹ́ èédú káàkiri iná yóò làágùn títí, ẹ́ńjìnì kò sì ní rí ooru tó.

Ní oṣù Kẹjọ 1939, kí wọ́n tó kéde ogun pàápàá, ilé-iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Britain ti gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Kì í ṣe òun nìkan. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú rẹ̀ ni wọ́n kó lọ. Èrò náà ti pẹ́ nílẹ̀. Láti 1907 ni Ọ̀gágun Charles Beresford ti wo àwọn apẹja Grimsby, tó rí i pé ẹni tó mọ bí a ṣe ń fa àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun lè fa wáyà tí yóò gé okùn bọ́ǹbù tí ọ̀tá so mọ́ inú omi. Nígbà tó di 1910, wọ́n ti dá ẹgbẹ́ àwọn ọkọ̀ apẹja sílẹ̀ lábẹ́ ọmọ ogun ojú omi.

Ti Bedfordshire kì í ṣe gbígbá bọ́ǹbù, ọdẹ ọkọ̀ abẹ́ omi ni wọ́n fi ṣe. Wọ́n tú ohun èlò àwọ̀n kúrò, wọ́n gbé àgbá tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì mẹ́rin lé níwájú, wọ́n to àwọn bọ́ǹbù abẹ́ omi sí ẹ̀yìn, wọ́n sì fi ẹ̀rọ Asdic sí ìdí rẹ̀ láti máa gbọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀. Irú ọkọ̀ wọ̀nyí, ibi tí ẹja ń wà tẹ́lẹ̀ ni àwọn atukọ̀ wá ń sùn. Ibùdó wọn ní Lowestoft, ìlú etíkun kan ní England, jẹ́ ọgbà ìgbafẹ́ kan tó ń jẹ́ Sparrow's Nest. Àwọn ọmọ ogun yòókù ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè wọ́n ní ọmọ ogun Harry Tate, aláwàdà kan tí mọ́tò rẹ̀ kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu lórí ìtàgé.

Nígbà tí ọdún 1942 bẹ̀rẹ̀, àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì dé etíkun Amẹ́ríkà, wọ́n sì bá ìlú tí iná rẹ̀ ṣì ń tàn. Ọkọ̀ tó bá gba iwájú iná yẹn kọjá lóru, kedere ni wọ́n ń rí i láti ojú òkun. Epo ń jó, omi ń gbé òkú wá sí etíkun North Carolina, Amẹ́ríkà kò sì ní ọkọ̀ kékeré tó tó láti fi ṣọ́ àwọn ọkọ̀ ọjà. Britain wá yá wọn ní ọkọ̀ apẹja 24, àti atukọ̀ wọn. Oṣù Kẹta ni Bedfordshire dé, wọ́n sì fi í sí Morehead City, ní North Carolina. Ẹ rò ó wò: ọkọ̀ eléèédú láàárín àwọn tí ọkọ̀ ogun wọn ti ń jó epo tipẹ́.

Ibí ni mo ti ń bá àwọn tó yàn án fún iṣẹ́ yìí jiyàn. Kò sí ohun tó ṣe òun alára. Agídí tó fi ń pẹja lápá àríwá ló gbé e kọjá Àtìláńtíìkì. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì (ìwọ̀n eré ọkọ̀ ojú omi) 12 ni eré rẹ̀, bó bá tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì irú VIIC ń sáré tó nọ́ọ̀tì 17 bó bá léfòó. Asdic pàápàá, ohun tó rì sínú omi ló ń gbọ́. Lóru, nígbà tí ọ̀tá bá léfòó, ojú àwọn atukọ̀ nìkan ló kù.

Lóru ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún 1942, U-558, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì tí Günther Krech jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, rí Bedfordshire níwájú Cape Lookout. (Ìwé Jámánì kọ ọjọ́ 12, torí aago ilé ni wọ́n ń lò.) Ó ta tọ́pídò, bọ́ǹbù tó ń sáré nínú omi, sí i, kò bà á. Ó tún ta òmíràn, ìyẹn bà á, ọkọ̀ náà sì rì lójú ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tó yè nínú àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Adáná kan ṣẹ́kù sórí ilẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ó bá àwọn kan jà ní Morehead City, ó sùn sí àgọ́ ọlọ́pàá, ọkọ̀ sì ti ṣí kó tó dé èbúté. Mo máa ń rò ó pé ẹnìkan ní láti di ṣọ́bìrì rẹ̀ mú ní ìrìn-àjò yẹn.

Àsíá náà nìyí. Ní oṣù Kẹrin, lẹ́yìn tí ọkọ̀ epo San Delfino rì, Aycock Brown, tó ń bá ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, lọ bá Thomas Cunningham, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá inú Bedfordshire, pé kó fún òun ní àsíá Britain tí wọ́n máa fi bo pósí àwọn òkú ọkọ̀ náà. Cunningham fún un ju èyí tó nílò lọ. Nígbà tí omi gbé òkú méjì sí etíkun erékùṣù Ocracoke ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, Brown ni wọ́n pè. Òkú Cunningham ló bá níbẹ̀, pẹ̀lú ti Stanley Craig, ẹni tó ń fi wáyà ránṣẹ́ nínú Bedfordshire. Àsíá tí Brown gbà lọ́wọ́ Cunningham ló wà lórí pósí Cunningham. A tún rí òkú méjì sí i lẹ́yìn náà, a kò mọ orúkọ wọn. Ẹ̀gbẹ́ àwọn méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n sin wọ́n sí. Ọdọọdún, ní oṣù Karùn-ún, ni ayẹyẹ máa ń wáyé níbi sàréè náà.

U-558 kò rí òpin ogun. Ní oṣù Keje 1943, àwọn ọkọ̀ òfuurufú rì í ní Bay of Biscay. Krech wà lára àwọn márùn-ún tó yè. Àwọn òmùwẹ̀ rí Bedfordshire lọ́dún 1980, ìjọba Amẹ́ríkà sì fi í sínú ìwé àwọn ibi ìtàn lọ́dún 2015. Ìrántí gbogbo ẹgbẹ́ àwọn ọkọ̀ apẹja ológun náà, pẹ̀lú orúkọ tó fẹ́ẹ̀ tó 2,400 tí kò ní sàréè mìíràn ju òkun lọ, wà ní Lowestoft, ní Belle Vue Park. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ bá mi wá orúkọ àwọn adáná. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀.