Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Mo Bí Tibi Tire

Ẹ̀yin ará mi, ẹ bá mi gbé Olúwa ga. Ká ní kì í ṣe àánú Rẹ̀ ni, mílíìkì inú agolo ni ọmọ mi ì bá máa mu lónìí, lọ́wọ́ ìyá mi.

Ìrọbí ò dá mi láàmú. Ọmọ wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ké, wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n gbé e lé mi láyà. Ibi náà jáde. Ìyá ọkọ mi ti ń jó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí mi nìkan ni kò gbà pé ó ti parí. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá kan sábẹ́ ìdí mi, ó ní àpò tó ń gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì fa ìlà ìdíwọ̀n sí i lára. Ojú wọn ò kúrò níbẹ̀. Bó ṣe kan 500 mílílítà, ìyẹn ìdajì lítà, wọ́n ké sí ẹnì kejì wọn.

“Ìyá ìkókó, ẹ má sùn o! Ẹ máa dá mi lóhùn!”

Wọ́n ń fi ọwọ́ po ikùn mi kíkankíkan kí ilé-ọmọ lè sún kì. Ó dùn mí ju ìrọbí lọ. Ẹnì kejì gún mi lábẹ́rẹ́ oxytocin, oògùn tó ń mú ilé-ọmọ sún kì, ó fa omi sí mi lára, ó fi oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró kún un, ó sì yẹ̀ mí wò bóyá ibi kù sínú tàbí ojú ara ya. Wọn ò ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Etí mi ti ń hó, ojú mi ti ń ṣú. Ẹ̀jẹ̀ náà dá!

Ẹ̀jẹ̀ yíya lẹ́yìn ìbímọ wà lára ohun tó ń pa abiyamọ jù lọ. Wọ́n dán irú ìtọ́jú yìí wò ní ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tansaníà àti South Africa. Èsì rẹ̀ jáde ní 2023: ewu kí ẹ̀jẹ̀ ya yọyọ débi tó léwu fi ìdá 60 nínú 100 dín kù. Ọ̀rá àti ojú tó ń ṣọ́ ọ ni o! Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní aboyún nílé, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé e lọ síbi tí kò ti sí agbẹ̀bí tó kọ́ṣẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ a ó gbé ọmọ wá síwájú pẹpẹ. Mo ti pe nọ́ọ̀sì wa. Wọ́n ní iṣẹ́ alẹ́ làwọn ń ṣe mọ́jú, pé láti ibẹ̀ làwọn á ti wá. Ẹ bá mi yin Olúwa!