Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ní kílíníkì ọpọlọ

Àárín ọjọ́ kẹta sí ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sá fún kílíníkì ọpọlọ, oògùn ló sì sábà máa ń lé wọn. Wàhálà oògùn máa ń tètè dé ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Ẹnu á gbẹ, oorun á máa kùn wọ́n, èébì á máa gbé wọn, bẹ́ẹ̀ ìbànújẹ́ tó gbé wọn débẹ̀ ò tíì yẹ̀ lórí wọn. Ẹni tí wọn ò bá sọ èyí fún tẹ́lẹ̀ á lò ó fún ọjọ́ mẹ́rin, á ní oògùn òyìnbó ò bá òun lára mu, ó parí nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú la kọ èyí fún, àti ẹni tó máa sìn ín lọ.

Ìtọ́jú tí à ń sọ yìí, ilé lẹ ó ti máa wá, ilé lẹ ó sì padà lọ sùn. Lágbègbè wa ní Kwara, UITH, ìyẹn ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, tó wà lójú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́ ní àwọn dókítà ọpọlọ, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Bùdó-Ẹ̀gbá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àsà. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ọ̀fà, Òmù-Àrán tàbí Ìlọ́fà, kó kọ́kọ́ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà jẹnẹ́rà tó sún mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ètò adójútòfò ìlera NHIA sanwó, dandan ni lẹ́tà yẹn: ilé ìwòsàn tí orúkọ rẹ̀ wà ló máa darí rẹ̀, HMO, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó owó adójútòfò náà, á sì fi kóòdù ìyọ̀ǹda ránṣẹ́. Bí kò bá sí kóòdù, àpò ara ẹni ni owó ti máa jáde. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń gba ẹni tuntun kí ẹ tó wọ mọ́tò.

Ẹ kó gbogbo oògùn tí aláìsàn ń lò dání pẹ̀lú páálí wọn, títí kan ti ìfúnpá àti ti ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ gbé omi àti oúnjẹ dání, torí ó lè gba gbogbo ọjọ́. Kí ẹni tó ń bá a gbé sì tẹ̀ lé e lọ, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n tó ti Èkó dé lánàá torí pé ọwọ́ rẹ̀ ni owó wà. Dókítà á fẹ́ mọ oṣù tí oorun dàrú, ohun tó kọ́kọ́ yí padà nínú ìṣe rẹ̀, bóyá irú rẹ̀ ti ṣe ẹnì kan rí nínú ẹbí. Ará Èkó ò lè mọ ìyẹn.

Lẹ́yìn kàádì àti fáìlì, nọ́ọ̀sì á wo ìfúnpá, á sì wọn yín. Ẹ má fojú kékeré wo ìwọ̀n yẹn o. Oògùn ọpọlọ bí olanzapine lè mú kéèyàn sanra kíákíá kí ṣúgà sì gòkè, ìwọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n á fi mọ iye tó ti gorí rẹ̀. Dókítà kékeré á wá bá yín jókòó, ó lè tó wákàtí kan, á lọ jíṣẹ́ fún dókítà àgbà, òun náà sì lè pè yín wọlé, kó tún bi yín ní ohun kan náà.

Àwọn ìbéèrè kan máa ń dà bí ìwọ̀sí létí àgbàlagbà. Ọjọ́ wo lòní? Níbo la wà yìí? Ẹ yọ 7 kúrò nínú 100, ẹ máa yọ 7 lọ: 93, 86, 79. Wọ́n tiẹ̀ lè pa òwe kan, kí wọ́n ní kí ẹ sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bàbá tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́ òwe lẹ́nu rẹ̀ lè yarí níbẹ̀. Ìrántí, ìfọkànsí àti bí èrò ṣe ń tò tẹ̀ léra ni wọ́n ń fi gbogbo rẹ̀ wò. Wọ́n á tún béèrè bóyá ẹ ti rò ó rí láti gba ẹ̀mí ara yín. Ẹ sọ òótọ́. Bíbéèrè rẹ̀ kì í gbé èrò náà sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Ìdáhùn yín ni wọ́n á fi mọ̀ bóyá ẹ lè padà sílé lónìí, àti bóyá oògùn ọ̀sẹ̀ kan péré ló yẹ kí wọ́n fún yín, kí ìyá tàbí ìyàwó máa tọ́jú rẹ̀. Wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ fún ṣúgà, ẹ̀dọ̀ àti táíròìdì (ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọrùn), torí táíròìdì tó bá dàrú lè ṣe bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn gan-an.

Oògùn wá kàn. Fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, fluoxetine 20 mg láàárọ̀ wọ́pọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni amitriptyline, tí wọ́n sábà ń bẹ̀rẹ̀ láti 25 mg lálẹ́. Ó ń tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kí àǹfààní tó hàn, ó sì lè tó 6 kó tó pé. Fluoxetine lè mú èébì, orí fífọ́ àti àìróorunsùn wá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Amitriptyline ní tirẹ̀ ń gbẹ ẹnu, ó ń mú ìgbẹ́ le, òòyì sì lè kọ́ni béèyàn bá dìde lójijì. Ọlọ́kadà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kó fi máṣíìnì sílẹ̀ ná títí tó fi máa mọ bí oorun rẹ̀ ṣe rí. Fluoxetine tún lè dí ìbálòpọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ò ní lè sọ ọ́, ṣe ni wọ́n á rọra dá oògùn dúró. Ẹ sọ ọ́, wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀. Bí ara bá sì ti yá, wọ́n á ní kí ẹ ṣì máa lò ó lọ fún oṣù 9 sí 12. Ẹ má ja oògùn lójijì torí pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín.

Èyí tó ń dẹ́rù ba ará ilé jù lọ ni ti haloperidol àti àwọn ìbátan rẹ̀, tí wọ́n ń lò fún ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, pàápàá lára ọ̀dọ́kùnrin, ọrùn lè lọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹyinjú á yí sókè, kò ní lè sọ̀kalẹ̀, ahọ́n á le, àgbọ̀n á há. Tó bá lọ jẹ́ òru, ẹni tó rí i á ní àlùjànnú ti gorí rẹ̀, wọ́n á sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ Ààfáà tàbí kí wọ́n pe pásítọ̀. Iṣan ni oògùn mú. Ẹ gbé e lọ sí pàjáwìrì, ẹ mú oògùn náà dání, ẹ sọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan ni wọ́n á fún un, ọrùn á sì tọ́ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 30. Lẹ́yìn náà dókítà á dín oògùn kù, á pààrọ̀ rẹ̀, tàbí á fi benzhexol tì í. (Benzhexol yìí, tí wọ́n tún ń pè ní Artane, àwọn kan ń fi yó. Bí ẹ bá rí i tí fámásì ń béèrè ìwé lọ́wọ́ yín tọwọ́tẹsẹ̀, ohun tó fà á nìyẹn.) Ìkejì ni kí ara má lè gbé ojú kan: kò ní lè jókòó, á máa rìn yípo pálọ̀. Ará ilé á rò pé àìsàn ló ń le sí i, wọ́n á fi hóró kan kún un, á wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ bí ara bá gbóná janjan tí gbogbo iṣan sì le gbagidi, ẹ má lo hóró kankan mọ́, pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀.

Ní ti ohun tó ti di bárakú, iye ni kí ẹ mọ̀: sáṣẹ́ẹ̀tì mélòó lójúmọ́, aago mélòó lèyí tó kẹ́yìn, ṣé gìrì mú un nígbà tó gbìyànjú àtifi í sílẹ̀. Ẹni tó ń mu ọtí líle tàárọ̀-talẹ́ ò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì nílé torí pé ojú ń tì í láti lọ bá dókítà pẹ̀lú ọtí lára. Láàárín wákàtí 6 sí 24, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó. Gìrì lè mú un kí wákàtí 48 tó pé. Láti ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ó lè máa rí ohun tí kò sí, ó sì lè kú. Diazepam, oògùn tó ń mú ara rọlẹ̀, tí wọ́n ń dín kù díẹ̀díẹ̀, àti thiamine (fítámínì B1) ni wọ́n fi ń là á já, ẹni tí gìrì ti mú rí á wọ wọ́ọ̀dù.

Tramadol ńkọ́? 400 mg ló yẹ kó jẹ́ òpin fún àgbàlagbà lójúmọ́. Ẹni tó ń gbé 225 méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, 900 ló ń lò yẹn, kó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa dín in bọ̀. Ara ríro, imú dídà, ìgbẹ́ gbuuru: ọjọ́ kejì àti ìkẹta ló máa ń le jù, púpọ̀ nínú rẹ̀ á lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, àìsùn ló máa ń pẹ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ má gbọ́kàn lé ìdánwò ìtọ̀ jù. Igbó lè ṣì hàn nínú ìtọ̀ ẹni tó ń fa á gan-an lẹ́yìn bí oṣù kan tó ti fi í sílẹ̀. Tramadol kì í sì í hàn lórí tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ń wá mọfíìnì, àfi kí wọ́n lo tirẹ̀ gangan. Ẹni tó sì ti fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bó bá padà sórí iye àtijọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ara ò lè gbà á mọ́, ó lè gbẹ̀mí rẹ̀. Láàárín kílíníkì kan sí ìkejì, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, wà, 0800 1020 3040, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ sọ gbogbo àgbo fún dókítà, kò ní jẹ yín níyà. Asofẹ́yẹjẹ tí àwọn babaláwo fi ń tọ́jú wèrè ní èròjà reserpine nínú, ó ń fa ìfúnpá wálẹ̀, ó sì lè dá ìrẹ̀wẹ̀sì sílẹ̀; bó bá pàdé chlorpromazine, tó jẹ́ ìbátan haloperidol, èèyàn lè dìde kó ṣubú. Àdúrà àti hàǹtú ò ní kí ẹ má lo oògùn, bẹ́ẹ̀ ni oògùn ò ní kí ẹ má gbàdúrà.

Ó ku ti ààwẹ̀, tó máa ń dá kílíníkì Ìlọrin láàmú lọ́dọọdún. Oògùn ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, wọ́n lè gbé e sí ìgbà ìṣínu. Ẹ̀ẹ̀mejì, ìṣínu àti sàárì. Lithium, oògùn tí kì í jẹ́ kí ìṣesí máa gòkè sọ̀kalẹ̀, ni kí ẹ ṣọ́ra fún: bí omi ara bá gbẹ, á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ìgbẹ́ á máa yà, ọ̀rọ̀ á máa lọ́. Àìsùn òru Ràmàdáànì nìkan sì tó láti gbé ẹlòmíì wọnú ayọ̀ àṣejù tí kì í jẹ́ kó sinmi. Kí Ṣàábáànì tó parí ni kí ẹ ti lọ rí dókítà. Kùránì fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda aláìsàn, ẹ lè béèrè lọ́wọ́ Ààfáà yín.

Ìpàdé kejì sábà máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà oṣooṣù. Bí àwọ̀ hóró bá yàtọ̀ sí ti oṣù tó kọjá, ẹ ka orúkọ tó wà lára páálí kí ẹ tó bẹ̀rù, ó lè jẹ́ ilé iṣẹ́ míì ló ṣe é. Bí ẹ bá pa ọjọ́ jẹ, ẹ má jókòó sílé torí ìtìjú: ẹ lọ ní ọjọ́ kílíníkì tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú kàádì yín, ẹ sọ ọjọ́ tí oògùn tán. Bó bá ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má kàn padà gbé iye àtijọ́ mì, dókítà lè ní kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.